Ibi tí Ìtàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun Wà ní Ìpamọ́: Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. Àwọn ìlú tó wà nínú rẹ̀ ti dàgbà ju ìpínlẹ̀ lọ fíìfíì: Ilé-Ifẹ̀ tí ọmọ Odùduwà gbogbo ń pè ní orírun, Iléṣà tó jẹ́ ìjókòó Ọwá Obòkun, Òṣogbo tó dó sétí odò Ọ̀ṣun, Ẹdẹ, Ìwó, Ìkìrun, Ìlá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń tọ́jú ohun àtijọ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lónìí, ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ifẹ̀ àti ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ìpínlẹ̀ náà kò sí nínú àpótí onígíláàsì. Inú ààfin ló wà, nínú igbó òrìṣà, ní agboolé àwọn jagunjagun àti ní pápá ogun. Ìtàn bí wọ́n ṣe pa á mọ́ ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi hàn pé ohun tó bá ní ẹni tí iṣẹ́ títọ́jú rẹ̀ já lé léjìká ló ń pẹ́, ìbáà jẹ́ oyè, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ló gbé e lé e lọ́wọ́.

Ààfin àti ojúbọ

Ààfin ni ilé ìpamọ́ àkọ́kọ́. Adé, ìlẹ̀kẹ̀, idà àti ìlù oyè kì í ṣe dúkìá ọba tó ń lò wọ́n. Bí ọba bá wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pín wọn bí wọ́n ṣe ń pín oko àti ilé. Ọba tí yóò jẹ tẹ̀ lé e ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn ìjòyè àti ìránṣẹ́ ọba ló mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, ọjọ́ tó ń jáde àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án.

Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn gbangba. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é, ó sì máa ń gba bí ọjọ́ méjìlá. Ìwọ́pópó ló ń ṣáájú, nígbà tí Àtáọ́ja (ọba Òṣogbo), àwọn ìjòyè àti ará ìlú máa ń tọ òpópónà láti fọ ọ̀nà mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alẹ́ àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́ tí ọba sì ń jó yí i ká. Ní ọjọ́ Ìbọríadé, wọ́n a kó adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà jáde, wọ́n a tò wọ́n síbi kan, wọ́n a sì súre lórí wọn. Ọjọ́ ìkẹyìn ni ti Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba, tí yóò ru igbá Ọ̀ṣun láti ààfin dé igbó pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń rí igbá náà, ṣùgbọ́n aṣọ ló bo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ààfin sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣí ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ó sì ń fi ohun gbogbo tó bá gbé sórí pẹpẹ han ẹni tó bá wọlé. Ààfin àti ojúbọ ń yan ọjọ́, wọ́n ń yan ẹni tí yóò rí i, wọ́n sì ní ohun tí ojú gbogbo ayé kò gbọdọ̀ kàn. Kò sí owó ìwọlé níbi Ìbọríadé tàbí níbi ìjáde Arugbá. Ẹni tó bá wà nílùú lọ́jọ́ náà ti rí adé àwọn ọba tó ti jẹ sẹ́yìn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Iléṣà. Àárín ìlú gan-an ni ààfin Ọwá wà, tòun ti ọjà tí wọ́n fi sọrí Ọwá Atakúnmọ́sà. Àwọn oyè ńlá bíi Ọbańlá, Ògbóni, Rísáwè àti Ọ̀dọ̀lé ló pín ìṣàkóso ìlú láàárín ara wọn. Ìtàn tó gbé ìtẹ́ náà ró ni ti Ajíbógun, ọmọ Odùduwà tó lọ bu omi òkun wá nígbà tí ojú bàbá rẹ̀ fọ́. Wọ́n ní Odùduwà fi idà ta á lọ́rẹ, òun ni wọ́n sì ń pè ní Obòkun. Ní ọdún Ìwúdè, Ọwá máa ń jáde sí gbangba, àwọn ìjòyè á sì wá júbà rẹ̀ ní ipò ní ipò. Bí wọ́n ṣe tò lẹ́yìn ara wọn níbẹ̀ ni ọmọdé fi ń mọ ètò ìlú Iléṣà.

Igbó tó kọ́kọ́ jẹ́ ìlú

Ìtàn Òṣogbo àti ti Iléṣà pàdé ní Ìpólé, ìlú Ìjẹ̀ṣà kan tí àwọn Ọwá ti jókòó sí kí wọ́n tó tẹ Iléṣà dó. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, Ìpólé ni Lárọ̀óyè àti ọdẹ tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn ti ṣí wá nígbà tí omi wọ́n wọn, tí wọ́n sì dé etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ṣe ń gé igi láti fi dá oko ni igi kan wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà tó ni omi náà. Ọ̀ṣun bínú, ṣùgbọ́n ó bá wọn mulẹ̀: òun yóò dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò máa bọ òun lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúrò nínú igbó lọ sórí ilẹ̀ tó ga, níbi tí Òṣogbo wà dòní.

Igbó tí wọ́n fi sílẹ̀ kò di oko ẹnikẹ́ni. Ààfin àkọ́kọ́, ọjà àkọ́kọ́ àti ilédì (ilé ìpàdé) ẹgbẹ́ Ògbóni wà níbẹ̀, ojúbọ sì ni wọ́n fi ṣe. Nítorí náà, igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe igbó kìjikìji lásán. Ilẹ̀ ìlú àtijọ́ ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran rí àmì pé àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Òkìkí Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí olùdáàbòbò ga sí i ní nǹkan bí ọdún 1840. Ẹgbẹ́ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, Ìbàdàn sì rán ọmọ ogun wá lábẹ́ Balógun Odérinlọ́. Wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin níbẹ̀, ìjà náà ló sì dá ẹsẹ̀ àwọn Fúlàní Ìlọrin dúró ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn òpìtàn ka ipa ológun Ìbàdàn sí pàtàkì. Àwọn ará Òṣogbo kò yọ Ọ̀ṣun kúrò nínú ìṣẹ́gun náà. Ní 1907 ni ojú irin dé ìlú náà láti Ìbàdàn. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó àti èso ọ̀pẹ kọ́lé sí etí ibùdókọ̀ ojú irin, èrò sì ya wọ ìlú láti ọ̀nà jíjìn. Ìlú ń tóbi, ṣùgbọ́n igbó náà ṣì wà, nítorí pé èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé níbẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ohun tí ogun fi sílẹ̀

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ogun ni ìtàn tó ta yọ jù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1870 ni Ìbàdàn kó Iléṣà. Ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso, tàn káàkiri ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ìnira wọn sì pọ̀. Ní 1878 ni jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìjà tó ti ń rú sì di ogun ńlá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn aládùúgbò wọn dà pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì fi Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ti Iléṣà ṣe olórí ogun. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà ló ṣáájú Ìbàdàn, ojú ogun náà ló sì kú sí ní 1885.

Ogun Kíríjì ni wọ́n pe ogun yìí, nítorí ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín àwọn òkè. Ìbàdàn dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ sì dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹrú tó ti òkè òkun padà wá, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó náà, Frederick Kúmókùn Haastrup, ló padà jẹ Ọwá ní 1896 pẹ̀lú orúkọ Ajímọ́kọ̀ Kìn-ín-ní.

Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lo àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ àlàáfíà, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ìlú mẹ́rin, ìyẹn Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú tó bá fẹ́ kúrò lè lọ. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò tú ká ní ibùdó títí di 1893. Johnson fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ogun náà sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, tó parí ní 1897. Ó kú kí ìwé náà tó jáde. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ló ṣètò rẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé kò fi bẹ́ẹ̀ sinmi lẹ́yìn ogun. Àwọn òyìnbó mú un ní 1894, wọ́n sì lé e lọ sí Ìwó kí wọ́n tó dá a padà. Ó jẹ oyè Ọbańlá Iléṣà, ó sì kú ní 1910. Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ogun méjì tó kọjú síra, ti di ìlú inú ìpínlẹ̀ kan náà lónìí. Ìtàn Kíríjì kò ṣeé kó jọ sínú yàrá kan: òkè ni, àfonífojì ni, agboolé olórí ogun ni, ààlà ìlú sí ìlú sì ni.

Lẹ́yìn ogun, òwò ló sọ Ìjẹ̀ṣà di olókìkí. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló ń gbé aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá rẹ̀, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Iléṣà jẹ́ ara ẹ̀rí ọrọ̀ tí kòkó àti òwò bẹ́ẹ̀ mú wálé. Ẹbí ló ni wọ́n, ẹbí náà ló sì ń pinnu bóyá wọn yóò tún wọn ṣe tàbí wọn yóò wó wọn.

Òfin àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfin ti le jù. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọọ̀ni, hú àwọn orí tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi idẹ àti bàbà rọ. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò ní ìlú. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Òmíràn dé Lọ́ńdọ̀nù, British Museum ló sì wà títí dòní. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí kíkó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà.

Kenneth Murray, tó wá sí Nàìjíríà ní 1927 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ni ìjọba yàn ní 1943 láti máa bójú tó ohun àtijọ́. Ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara báyìí, láti dáàbò bo àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀. Ti Jos ṣí ní 1952, ti Ifẹ̀ ní 1954, ti Èkó ní 1957. Òfin ohun àtijọ́ ti 1953 fún ìjọba lágbára láti kéde ibi kan gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin 77 ti ọdún 1979 ló sì dá àjọ NCMM sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí àjọ náà kò bá fún láṣẹ kò gbọdọ̀ ra ohun àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kó o jáde ní orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ.

Mbárí Mbáyọ̀ àti Àdùnní Olórìṣà

Ní Òṣogbo, ìtọ́jú ohun àtijọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Ẹdẹ ni ó ti wọ ẹgbẹ́ olórìṣà lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Lẹ́yìn tó gbé ní Ìlobùú, ó fìdí kalẹ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo. Àdùnní Olórìṣà ni ìlú ń pè é.

Nígbà tó fi dé, agbára àwọn olórìṣà ti dínkù. Ikán ti jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun, àwọn kan ti ń gé igi, àwọn mìíràn ti ń fojú sí ilẹ̀ igbó náà. Àwọn olùtọ́jú ojúbọ ní kí ó bá wọn tún un ṣe. Iṣẹ́ àtúnṣe náà ló di ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọnà kan. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, ń fi símẹ́ǹtì mọ ère àti ògiri. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi. Wenger mọ àwọn ère gàgàrà bíi ti Ìyá Mọ́ọ̀pó, ó sì bá wọn kọ́ ilédì Oǹtótòó tí òrùlé rẹ̀ dà bí ẹranko tó na ara sílẹ̀. Ohun tuntun ni wọ́n fi dáàbò bo ohun àtijọ́: ère ńlá tó wà lójú ọ̀nà ń sọ fún agégi àti ẹni tó ń fojú sí ilẹ̀ pé ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Àtáọ́ja Samuel Adélẹ́yẹ Adénlé, tó jọba láti 1944 sí 1976, tì wọ́n lẹ́yìn.

Ní 1962, òṣèré Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré, sí ilé ọtí Ládipọ̀ tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Mbárí ti wà ní Ìbàdàn láti 1961, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti Òṣogbo kọjú sí ìgboro: ìyálọ́jà, ọmọ iléèwé, ìjòyè àti awakọ̀ ń yà wo àwòrán àti eré. Nínú gbogbo ilé tí wọ́n ti fi nǹkan han ìlú ní Òṣogbo, òun ló sún mọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí gbogbo èèyàn jù lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Denis Williams àti Georgina Beier ṣe níbẹ̀ ló mú Twins Seven Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Múráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé, Jacob Afọlábí àti Adébísí Fábùnmi jáde. Ládipọ̀ náà sì mú ìtàn àtijọ́ wá sórí pèpéle pẹ̀lú eré Ọba Kò So. Ulli Beier kúrò ní Òṣogbo ní 1966, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán náà ń bá iṣẹ́ lọ.

Igbó Ọ̀ṣun lábẹ́ òfin

Ní 1965 ni ìjọba kéde apá kan igbó Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fa ààlà rẹ̀ gbòòrò títí ó fi di hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé, èyí tó sọ ọ́ di ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur tó wọ̀ ọ́ ní 1999. Ohun tí wọ́n kà síbẹ̀ ni ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà bí ogójì, ààfin àtijọ́ méjì, ojú ìbọ mẹ́sàn-án lẹ́bàá odò, àti oríṣi igi àti ewé tó tó 400, tí èyí tó ju 200 nínú wọn wúlò fún egbòogi. Wenger kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Iṣẹ́ ìtọ́jú igbó náà pín sọ́nà púpọ̀. NCMM ló ni àṣẹ òfin, òun ló sì ń gba àlejò. Àtáọ́ja, pẹ̀lú Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn olùbọ Ọ̀ṣun, ló ni ìsìn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ló ń tún ère ṣe, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lórúkọ Wenger. Ère símẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í pẹ́ bí òkúta: òjò ń là á, ewéko ń hù lára rẹ̀, àgbàrá odò ń gbẹ́ ìdí rẹ̀. Àtúnṣe kò lè dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe mọ ère kọ̀ọ̀kan ní láti kọ́ ẹlòmíràn.

Òfin nìkan kò tó láti pa nǹkan mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n sì kó orí alámọ̀ lọ. Nínú igbó Ọ̀ṣun, ewu tó tún wá kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn odò tó ń ṣàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọnú Ọ̀ṣun ń gba ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù kọjá. Nígbà tí ìwakùsà náà gbilẹ̀ láìsí àbójútó tó péye, omi odò náà pọ́n bí ẹrẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Kò sí ọgbà tí NCMM lè ṣe yí igbó ká tí yóò dí omi náà. Orísun ewu náà wà lókè odò, ní ọ̀pọ̀ máìlì sí ìlú.

Ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ohun àtijọ́ àti ibi ìrántí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde gẹ́gẹ́ bíi ti orílẹ̀-èdè, tí ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i, wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí tí wọn kò bá kéde bẹ́ẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé e lórí. Igbó Ọ̀ṣun wà ní apá kìíní, ó sì ní òṣìṣẹ́, ààlà àti orúkọ lágbàáyé. Ààfin àwọn ọba Ìjẹ̀ṣà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníṣòwò Iléṣà àti agboolé àwọn ológun kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọba, ìjòyè àti ẹbí ni ìtọ́jú wọn wà. Níbi tí oyè tàbí ọdún ìbílẹ̀ bá ṣì so wọ́n mọ́ ẹnì kan, wọ́n ń rí àbójútó. Níbi tí kò bá sí irú ìdè bẹ́ẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ nìkan ló kù tó lè gbé iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.